Àfikún Tọ́ọ̀nù Mẹ́rin

“Fi tọ́ọ̀nù mẹ́rin kún un,” ni baba awakọ̀ bàálù wí, ó fi ìka kan ìwé epo lórí tábìlì.

Obìnrin tó ń ṣírò epo fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà kò gbójú sókè. Ahun ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti ro ó: bó bá rí ọ̀nà àtifún epo tó wà lára aṣọ àwọn mẹkáníìkì padà sínú táǹkì, yóò fún un. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn, ń mu epo bí ẹni tó fi àpò iyọ̀ kan jẹun alẹ́. Wọ́n ti kó ìwé ìròyìn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n kó ṣíbí onírin, wọ́n dín omi ìfọwọ́ kù. Ó ku kí wọ́n ní kí èrò fárí kí wọ́n tó wọlé.

Láàárọ̀, ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí epo ìrìnàjò òní bá tún ju owó tí èrò san lọ, bàálù náà kò ní fò mọ́. Ọkọ Ahun sì ni olórí àwọn mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jókòó, tọkọtaya ni yóò jókòó tì í.

Ló bá ń bẹ baba. Ó ní epo la fi ń gbé epo. Nínú tọ́ọ̀nù mẹ́rin yẹn, ó lé ní ọ̀kan tí yóò jóná lórí àtigbé ara rẹ̀ nìkan kí ìrìnàjò wákàtí mẹ́wàá náà tó parí.

“Ìròyìn ojú ọjọ́ tuntun kò tíì dé?”

“Kò tíì dé, sà.”

Ó ti dé. Abẹ́ itan rẹ̀ ló wà. Kùrukùru ti bo ìlú tí wọ́n ń lọ, ó sì ti ń rọ́ lọ sí ìlú tí wọ́n lè yà sí.

Baba jókòó. Òun kan náà ni wọ́n ní bó bá ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpópónà kejì, á di kẹ́ẹ̀gì epo méjì sẹ́yìn mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ní oṣù méjì ló kù kóun fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti lẹ orúkọ òun mọ́ ara ògiri pẹ̀lú àwọn onínàákúnàá. Ó mú bírò.

“Ó dáa, Ahun. A ó lọ bẹ́ẹ̀.”

Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó ba Ahun gan-an. Èrò irínwó ló wà lórí ìjókòó. Ó gba bírò lọ́wọ́ baba, ó fa ìwé abẹ́ itan rẹ̀ yọ, kò lè wojú rẹ̀. Baba kà á, ó tún un kà. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u.

“Ṣé mẹ́rin á tó, sà?”

“Kò lè tó.”

Ahun kọ mẹ́jọ, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi fóònù pe ọkọ rẹ̀ tó dúró lábẹ́ apá bàálù. Ọkọ bi í pé ta ló pàṣẹ. Ó ní òun ni.



“O mọ̀ pé oúnjẹ ilé wa nìyẹn?”

“Mo mọ̀, baba ọmọ mi. Ní kí wọ́n máa fa epo náà sí i.”

Kò pa fóònù. Ó ń gbọ́ bí epo ṣe ń wọlé.