Èmi Ló Kàn Lónìí

…tí mo bá wá gún un ńkọ́? Tí ọwọ́ mi bá yẹ̀, tí rọ́bà yìí lọ síbi tí kò yẹ kó lọ— Rárá. Nọ́ọ̀sì ní kò lè gún un. Ó ní ẹnu rọ́bà náà rí roboto. "Ẹ má ṣáà fi agídí tì í, ìyá ìkókó." Mo ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá lu mẹ́ta, ó yẹ ká fi rọ́bà yìí fa ìtọ̀ ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi, Màmá, ló máa ń fà á. Àwọn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde yìí, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀ níta. Èyí tó kàn yìí, ìwọ lo máa ṣe é." Bíi pé wọ́n ní kí n bá àwọn dín iná sítóòfù kù. Wọ́n sì jáde!

Ọmọ mi ń wò mí. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà á.

Mo ti fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tún un fọ̀… bẹ́ẹ̀ ni, kí n tún un fọ̀.

Obìnrin yìí ni mo bẹ̀rù jù lọ́jọ́ tí mo bímọ. Kì í ṣe àìsàn. Òun. Mo rí ohun tó yọ síta nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ mi bí àpò omi kékeré, mo rí bí nọ́ọ̀sì ṣe fi báńdéèjì tútù bò ó, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni pé, kí ni màá sọ fún ìyá ọkọ mi? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fojú fo àṣìṣe. Wọ́n á bi mí ohun tí mo jẹ. Wọ́n á bi mí ẹrù wúwo tí mo gbé. Wọ́n á ní nínú ìdílé tàwọn, irú èyí kò—

Màmá wọlé, wọ́n fa àga, wọ́n yọ ìwé àti bírò jáde nínú báàgì. "Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ àìsàn náà pè." Sípáínà bífídà. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí èmi náà pè é. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń sunkún! "Pè é dáadáa. A ò ní máa pè é ní 'nǹkan yẹn' nínú ilé mi." Sí-páí-nà, èmi àti ikun imú.

Dọ́kítà ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé tán nísàlẹ̀ nígbà tó ṣì kéré nínú mi. Télọ̀ ni mí, ó yé mi… ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò. Iṣan tó wà níbẹ̀ ti fara pa, torí náà iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ẹsẹ̀ àti sí àpò ìtọ̀, díẹ̀ ló ń débẹ̀. Wọ́n á rán ẹ̀yìn náà pa. Wọn ò lè tún iṣan ṣe. "Ó lè nílò irin lẹ́sẹ̀, ó lè nílò kẹ̀kẹ́. Àmọ́ ilé ìwé, á lọ."

Ìyá ọkọ mi ló bi Dọ́kítà ní ìbéèrè tí èmi ò lè bi í. "Ṣé ohun tí ìyàwó mi ṣe ló fà á?" Dọ́kítà ní rárá, kí n tó mọ̀ pé mo lóyún ló ti ṣẹlẹ̀. Màmá wá yíjú sí mi, wọ́n na bírò sí mi. "O gbọ́? Fọwọ́ ara rẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé nítorí mi ni wọ́n ṣe béèrè.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá Àgbà—bí Màmá ṣe ń pe ọmọ mi nìyẹn—ń ta orúnkún. Orúnkún ń dáhùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ sùn lọ ní tirẹ̀. Ó dáa. Ìkòkò ìpara. Ife. Rọ́bà. Tí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú rẹ̀, kíndìnrín ló máa jìyà, torí náà… torí náà, ọwọ́ yìí, ó yá. Ọwọ́ tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó.

Díẹ̀díẹ̀. Ó kọ̀. Yéè! Ó kọ̀, ó— Má fagídí tì í. Dúró. Mí. Ọmọ yán, ó yanu gbàrà bíi pé èmi ni mò ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Tún un tì. Díẹ̀…

Ó ń bọ̀! Ó ń ro sínú ife, tó-tó-tó. Ẹ̀rín ń pa mí. Ta ni mo fẹ́ pè? Màmá, ẹ wá wò ó, Màmá—

Ẹsẹ̀ wà lábẹ́ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà.

Màmá ò lọ síbì kankan. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbọ́ "yéè". Obìnrin tí kò lè rí ọmọ ẹlòmíì kó gbá bírò mú lódì kó má dá sí i, wọ́n gbọ́, wọn ò wọlé. Ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì, ìka ti wọ inú yàrá díẹ̀… wọ́n sì dá ara wọn dúró.

Mo ti rò pé ìgboyà ni wọ́n ní, tí èmi ò ní. Ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ̀n.