Ẹ̀wà Funfun, Ẹ̀wà Pupa

Ẹ̀jẹ̀ ti yọ lẹ́ẹ̀mejì kí Gust Verachtert tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tán. Odilon ló ń bá a di dígí mú.  

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fá a, Ọ̀gá."

"Di dígí mú."

Odilon di dígí mú. Irùngbọ̀n ọjọ́ mọ́kànlá le fún abẹ tó ti kújú. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì sọ pé òun yóò dé, Gust sì ti pinnu pé kò gbọdọ̀ bá òun bí òun ṣe wà.

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Gust. Zulma, ìyàwó rẹ̀, ti kú láti ìgbà òtútù tó kọjá. Àwọn méjì ló kù nínú ilé tó wà lẹ́yìn ìlú Geel: òun àti Odilon, àlejò wọn, tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógójì tí àlejò náà ti dé.

Ní Geel, wọn kì í pe irú Odilon ní aláìsàn; àlejò ni wọ́n ń pè é. Bí ọkàn ẹnì kan bá dàrú níbòmíràn, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ. Ní Geel, ilé onílé ni wọ́n ń gbé e wá, wọ́n á fún un ní yàrá, wọ́n á fún un ní àga nídìí tábìlì, wọ́n á fún un níṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Bàbá bàbá Gust ní àlejò méjì. Bàbá rẹ̀ ní ẹyọ kan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí. Wọn kì í sọ orúkọ àìsàn àlejò fún onílé, onílé náà kì í sì í wádìí. Ohun tí Gust mọ̀ nípa Odilon kò ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ: kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó máa ń fi aṣọ bo rédíò kí àwọn tó ń ka ìròyìn má baà máa wo òun nídìí oúnjẹ, kì í sì í parọ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń ba Gust lẹ́rù láàárọ̀ yìí.

Ó nu ọṣẹ kúrò létí, ó ní kí Odilon fetí sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kó ní àwọn ń jẹun. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ oorun, kó ní àwọn ń sùn.

"Ṣé tèmi ni, àbí tiyín?"

"Ti àwa méjèèjì."

Odilon rò ó. "Tèmi rọrùn," ló wí.

"Má sì dárúkọ ẹ̀wà."

Odilon gbé dígí padà síbi tí wọ́n ń fi í kọ́. 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà ti pẹ́. Nígbà tí Odilon kọ́kọ́ dé, àwọn àsìkò kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò ní dìde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Zulma kì í bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Yóò gbé korobá kan wọlé tí ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa wà nínú rẹ̀, wọ́n ti dàpọ̀. Yóò gbé abọ́ méjì tì í. Yóò ní òun fẹ́ kí wọ́n ṣà á sọ́tọ̀ kó tó di ọ̀sán, òun nílò rẹ̀. Yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mìíràn, ẹ̀wà mẹ́wàá péré ni Odilon á ṣà. Ọjọ́ mìíràn, kò ní ṣa nǹkan kan. Ọjọ́ kan á wá dé tí korobá á ṣófo, Odilon á sì jáde lọ wo àwọn màlúù. Zulma á tún da ẹ̀wà náà pọ̀, á gbé e pamọ́ di ìgbà mìíràn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí korobá náà ti jáde kẹ́yìn. Àfi ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, tí Gust lajú tó sì rí Odilon lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú korobá àti abọ́ méjì. Odilon ní òun fẹ́ kí wọ́n ṣà á kó tó di ọ̀sán. Gust fi ẹsẹ̀ ti korobá náà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, korobá tún dé. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà.

Gust mọ ohun tó ń rí, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ikú Zulma ti wá dé ọkàn àlejò. Nǹkan náà ti padà.

Ọmọ Geel ni. Láti kékeré ló ti mọ àwọn àmì rẹ̀: àwo oúnjẹ tó ń padà bó ṣe lọ, aṣọ fèrèsé tí wọn kò ṣí, irùngbọ̀n, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sísọ dúró. Ó lè rí i lára àlejò aládùúgbò láti òdìkejì pópó. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti sọ fún dókítà pé àlejò ẹnì kan ń lọ sísàlẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àlejò ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní onílé ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, kò sì ní ìyàwó mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò wá wo bí nǹkan ṣe rí. Ìdílé kan wà ní ìlú Retie tó ṣe tán láti gba Odilon. Bí nọ́ọ̀sì bá wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lórí èyí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Gust gbé korobá náà lọ sínú ilé igi tó wà lẹ́yìn ilé, ó fi àpò bò ó. Ìrìn yẹn nìkan rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ro oko.

Veerle, nọ́ọ̀sì, fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń wá. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gust.

"Bàbá, ta lẹ bá jà?"

"Abẹ."

"Ó jọ pé abẹ ló borí."

Ó jókòó, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Odilon gbé omi kọfí ka iná. Ajá wà lábẹ́ àga Gust, níbi tó ti máa ń wà láìpẹ́ yìí. Veerle béèrè bí Bọ̀dá Odilon ṣe ń jẹun. Gust ní ó ń jẹ ju òun lọ. Ó béèrè oorun. Gust ní tí ó bá ti sùn, àrá kò lè jí i. Ṣé ó ń wẹ̀? Ó ń wẹ̀. Ṣé ó ń jáde? Òun ló ń tọ́jú adìẹ, òun ló ń lọ ra búrẹ́dì. Veerle ń kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbé bírò kalẹ̀, ó sọ̀rọ̀ àwọn ará Retie. Wọ́n ní ọgbà. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ wá kí Bọ̀dá Odilon ní ọjọ́ Sátidé.

"Kì í ṣe pé ẹ ṣe ohun tó burú, Bàbá. Ọgọ́rin ọdún ni."

"Ọgọ́rin ọdún kì í ṣe àìsàn."

Veerle gbà pé kì í ṣe àìsàn. Ó yíjú sí ìdí sítóòfù. "Bọ̀dá Odilon, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa ni mo wà," ni Odilon wí. "Ọ̀gá ní kí n má dárúkọ ẹ̀wà."

Omi ń hó. Veerle béèrè ẹ̀wà wo.

Gust gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ní àtijọ́ ni, ikú Zulma ló dá a padà, yóò kọjá, kò tó ohun tí ènìyàn ń kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìṣẹ́jú yẹn pọ̀ ju èyí tó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lọ. Odilon dúró kó sọ tán. Ó wá jáde, ó gbé korobá náà wọlé láti inú ilé igi, ó gbé e lé orí fọ́ọ̀mù.

"Tiwọn ni," ló wí. "Alaalẹ́ ni mo ń pò ó. Wọn kì í ṣà á."

"Ti ta ni?"

"Ti Ọ̀gá." Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka iye ẹyin tí adìẹ yé. "Wọn kì í jẹun. Ajá ni wọ́n ń fún. Ẹ wo bí ajá ṣe sanra. Wọn kì í ṣí aṣọ fèrèsé. Wọn ò fá irùngbọ̀n àfi láàárọ̀ yìí. Wọ́n á wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n á wá jókòó bẹ́ẹ̀ di ìgbà oúnjẹ."

Gust ń wo korobá. Funfun àti pupa, ó dọ́gba. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà bẹ́ẹ̀. Ó rántí ibi tí korobá náà ń dúró sí láràárọ̀. Ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti Odilon. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rí i níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, àlejò ni nǹkan yìí máa ń ṣe. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ó lè jókòó sórí àga onílé.

"O mọ̀ pé Zulma ń dà á pọ̀ padà?"

"Mo rí wọn lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n gbé e wá."

"O mọ̀, o sì ń ṣà á."

"Màmá nílò ẹni tí á ṣà á."

 Veerle fa fọ́ọ̀mù jáde lábẹ́ korobá, ó sì mú bírò. Gust mọ ohun tó ń dúró dè. Òfin ọ́fíìsì kò fara sin: bí ara onílé kò bá dá, wọ́n á gbé àlejò lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu àlejò ni èyí ti wá, ọ̀rọ̀ onílé ni wọ́n sì máa gbà gbọ́. Bó bá ní orí Odilon ló tún dàrú, ohun tí wọ́n máa kọ nìyẹn, Odilon kò sì ní jiyàn. Yóò kó ẹrù rẹ̀.

Ajá yí ara padà lábẹ́ àga.

"Kì í parọ́," ni Gust wí.  "Èmi ni nǹkan náà ń ṣe. Kọ ọ́."

Veerle kọ ọ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Bó ti ń kọ, Gust ti ọwọ́ bọ korobá, ó mú ẹ̀wà pupa kan, ó wò ó, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó mú òmíràn. Odilon da kọfí sínú ife mẹ́ta. Kò wo ọwọ́ Gust.

Nígbà tí Veerle ṣe tán, ó ní dókítà yóò wá ní Ọjọ́bọ̀, Gust ló ń bọ̀ wá wò. Ó ní òun yóò sọ fún àwọn ará Retie kí wọ́n má wá ní Sátidé. Òun fúnra òun yóò máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sì tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tó bá di ọdún Àjíǹde. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ohun tí ọ́fíìsì máa sọ.

"Ta ni kí n kọ pé ó ń tọ́jú yín títí di Ọjọ́bọ̀, Bàbá?"

Gust fi àgbọ̀n tọ́ka sí Odilon.

Kò sí àyè fún irú rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ni Veerle kọ ọ́ sí. Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó dì mọ́ Gust, ó bọ Odilon lọ́wọ́, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Odilon ṣí aṣọ kúrò lórí rédíò, ó gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kà á. Ilẹ̀ máa dì bí yìnyín kó tó di ọ̀la, ló wí, kárọ́ọ̀tì sì wà nínú ilẹ̀. Ó gé búrẹ́dì méjì, ó fi wàràkàṣì sí i. Ó lé ajá síta kó tó gbé ti Gust kalẹ̀. Gust jẹ ìdajì.

Wọ́n jáde ní aago méjì. Odilon ń fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀, Gust jókòó sórí àpótí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára kárọ́ọ̀tì, ó ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀.  Lẹ́yìn ìlà kejì, ó rẹ Gust. Odilon da koríko gbígbẹ bo èyí tí wọn kò tíì hú kí òtútù má baà bà á jẹ́, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé. Ìlà mẹ́rin ló ṣẹ́kù.