Mákírò Olóyè Oyèwálé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ń sọ kiri pé èmi Mobáyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun níbí, ni mo pa ààrẹ wa. Èmi kọ́ o. Oyè ẹ̀ ló pa á.

Lọ́dún 1998, Olóyè Oyèwálé lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní College Park, ló bá di ọ̀gá. Ó ṣe mákírò kan, àṣẹ kékeré tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra ẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ibi tí “Oyèwálé” bá wà nínú lẹ́tà á di “Olóyè Ẹnjiníà Díákónì Oyèwálé, Ààrẹ Wa”. Ó ní a máa ń gé oyè òun kù. Ó tún wá fi páásíwọ́ọ̀dù tì í pa, kẹ́nikẹ́ni má baà wọ inú ẹ̀ lọ tún un ṣe.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká dìbò, bàbá ẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Oyèwálé, kú n'Ìbàdàn. Ipò ààrẹ yẹn ló sì tún ń wá lójú méjèèjì. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí àánú òun lè ṣe wọ́n. Mo kọ ọ́: “Baba wa, Oyèwálé, ti papòdà lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo ní, “ẹ má lo mákírò fún eléyìí. Tàbí kẹ́ ẹ ṣí i fún mi, kí n tún inú ẹ̀ ṣe.”

“Ìwọ ọmọ àná yìí? Pa ẹnu ẹ mọ́!”

Kọ̀ǹpútà gan-an bi í bóyá kí mákírò ṣiṣẹ́ àbí kó má ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ní làákàyè jù ú lọ! Ó gbà fún un, ó tẹ ọgọ́ta lẹ́tà jáde, kò ka ìkankan. Mo rí ohun tó wà níbẹ̀, “Baba wa, Olóyè Ẹnjiníà Díákónì Oyèwálé, Ààrẹ Wa, ti papòdà”, àbí n ò lójú ni? Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, mo pa á mọ́, mo lẹ sítáǹbù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí lẹ́tà dé ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, fóònù Olóyè ò sinmi. Kò gbé e. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun dárò á wá fúnra ẹ̀.

Ní Sátidé, mọ́tò kún iwájú ilé ẹ̀ ní Glenn Dale. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tún fìlà ṣe, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. La bá ń gbọ́ ohùn wọn níta.

“Mọ́kànlélọ́gọ́rin!” Ràbíátù akápò nìyẹn. “Àádọ́ta ló máa ń pe ara ẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ó ń gé ọjọ́ orí.”

“Ẹ jẹ́ ká tètè kí ìyàwó ẹ̀,” ni Fúnṣọ́, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, wí, “ká ráyè fi Àlàájì Mọ́ṣúdù ṣe ààrẹ. Ó ṣáà yẹ káwa náà sinmi.”

“Ẹ ṣeun o,” ni Àlàájì fúnra ẹ̀ dáhùn.

Olóyè ṣílẹ̀kùn. Yéè! Abọ́ ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ Ràbíátù, Fúnṣọ́ ti dé ìdí mọ́tò ẹ̀. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò sọ pé a dúpẹ́ pé ẹ ò kú. Àlàájì ló kọ́kọ́ lanu.

“Ṣé ìdìbò ṣì wà báyìí?”

Wọ́n lọ tán, Olóyè jókòó.

“Mobáyọ̀, nígbà tí wọ́n gba lẹ́tà yẹn, ta ló sunkún?”

Inú ẹ̀ ń bí mi, àánú ẹ̀ sì tún ń ṣe mí.

“Mo ṣì ń bèèrè, sà.”

Ó fa bébà kan, ó kọ páásíwọ́ọ̀dù mákírò sí i, ó nà án sí mi.