Àwọn Ọdẹ Inú Ìka Ìbídùn

"Ṣé èmi nìkan ni wọ́n bí nínú ilé yìí ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan ló mú?"

Ìbídùn, àbúrò mi obìnrin, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ àná. Onídìrí ni, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ ti wú débi pé kò lè di ìyàrí mú mọ́. Dókítà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a jà, pé irú rẹ̀ a máa rìn nínú ẹbí. Ìbídùn ní kò rìn nínú ẹbí wa. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lòun ṣẹ̀ tó fi mú òun. Bàbá wa kàn fa fìlà abetíajá rẹ̀ wálẹ̀ bo etí, ó ń jẹun lọ.

Ẹ wá gbọ́ àlá tí mo lá. Mo gba abẹ́ èékánná Ìbídùn wọlé, mo bá àdúgbò wa níbẹ̀, tòun ti géètì. Àwọn ọdẹ àdúgbò dá onílé dúró lẹ́nu géètì ara rẹ̀, wọ́n ń fi kóńdó lù ú.

"Èmi ni mo nilé!"

"Olè wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n fi àwòrán onílé tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ hàn mí. Imú rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Àwòrán náà ní, "Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe yà mí nìyẹn."

"Ṣé ìwọ lo dá ìjà sílẹ̀?"

"Èmi nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ onílé ló ní irú mi tí kóńdó kò bà rí. Ẹnì kan tún fọn fèrè ni ìjà fi bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló yà ọ́?"

"Lọ bi alága àdúgbò."

Ọ́fíìsì alága léfòó sókè bí ìfófòó ọṣẹ. Mo gun àkàbà kan tó ń ráhùn pé mo wúwo. Bí mo ṣe béèrè, alága jẹ fáìlì kan, ó jẹ èkejì, ó di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Irùngbọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ funfun báláú.

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀! Bá mi bu omi!"

Mo jí. Bàbá ló ń ké láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ṣí fìlà, ó fẹ́ fọ orí. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ funfun báláú, ibi tí a rò láti kékeré pé àpá abẹ onígbàjámọ̀ ni.

"Bàbá, kí ló ṣe ibẹ̀ yẹn?"

"Dókítà ayé ijọ́un ní ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà. Mo ní kí wọ́n máa jà á lọ, èmi ń lọ sóko. Ta ló bi mí rí?"

Ìbídùn ti dé ẹ̀yìn mi. Ó wo etí náà títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ bí mi lóòótọ́!"

Ó sì fi ìka tó wú náà kàn án.