Ẹrù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Fausiatou

Lọ́dún tí Fausiatou pinnu pé òun yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Bassam, kí òun sì tún gùn ún padà, Ràmúlátù ìyálé ṣì wà láàyè. Sìrájù ọkọ wọn náà ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Orí àga ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Adjamé, tí yóò máa wo àwọn gbaka, ọkọ̀ akérò kéékèèké, tó ń kọjá. Sẹ̀kínà ni ìyàwó kékeré. Òun ló ṣẹ́kù lónìí, òun ló sì rántí.

Ọmọ ọmọ Sẹ̀kínà ni Fausiatou, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Riviera. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ní kó bá àwọn lọ síbi ìrìn kẹ̀kẹ́ ńlá kan, quatre-vingts kilomètres, ọgọ́rin kìlómítà, àlọ àtàbọ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ọgbà ilé ìwé nìkan ni ọmọ yìí ti gun kẹ̀kẹ́ rí.

"Ìwọ?" ni Ràmúlátù wí. "Pẹ̀lú ìdí tí o fi ń jókòó sórí àga olówó yẹn? Kẹ̀kẹ́ á sunkún!"

"Ìyá àgbà, pardon o, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín."

Sìrájù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló fi jẹun nígbà èwe rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, tó ń di ànkárá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń kiri láti abúlé dé abúlé. Gbogbo ọmọ tó bí, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jókòó sí. Kò sí èyí tó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Nígbà tí Fausiatou wọlé, Sìrájù fa Sẹ̀kínà mọ́ra.

"Ìyá Rahmatou, kí ojú mi tó dì, mo fẹ́ kí taya kan tún jáde nílé yìí kó dé Bassam. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sẹ̀kínà lára. Ó rántí ìgbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ló ti ń gbé omi kaná. Sìrájù á dé, eruku pupa á bo ìpéǹpéjú rẹ̀, á sì dà bí àlejò tí ẹnìkan kò mọ̀. Omi tútù ló máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà, ọmọ.

Ni Sìrájù bá di olùkọ́ lórí àga. "A kì í kọ́ ọ̀nà lófìfo," ó ní. "Ẹ di ẹrù fún un."

Gbogbo àárọ̀ Sunday, tí gbaka ò tíì pọ̀, wọ́n á di ìdì ànkárá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọmọ. Dóní dóní, bí àwọn Jùlá ṣe máa ń wí, díẹ̀díẹ̀, ó ń rìn jìnnà sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, Ràmúlátù ní, "Pẹ́pẹ́yẹ Bassam, ẹ káàbọ̀!" Ràmúlátù kan náà ló fi òrí pa á lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tú ẹrù sílẹ̀ kí ọmọ lè fò. Kẹ̀kẹ́ ò fò. Orí rẹ̀ ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún bí ọ̀mùtí, nítorí ẹrù ti mọ́ ọwọ́ Fausiatou lára. Inú òkìtì ọsàn ọlọ́sàn ló lọ já sí. Orúnkún bó.

"Mi ò lọ mọ́," ó ń sunkún. "C'est fini."

Oúnjẹ ọ̀sán Sìrájù tutù síwájú rẹ̀. Sẹ̀kínà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó dìde, ó gbé ìdì ànkárá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é padà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Fausí, ta ló ní dandan ni kí o lọ lófìfo?"

"Màmá, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Kí wọ́n ṣe é. Yẹ̀yẹ́ kì í bẹ́ taya."

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Àwọn tó dé akoto dídán ń kígbe pé, "Tantie, ọjà wo lò ń ná?" Fausiatou ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló kẹ́yìn dé Bassam. Níbi tó ti ń mumi, àwọn obìnrin ìlú yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ànkárá wò.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà wọn. Sìrájù ní kí wọ́n gbé òun dìde. Ìyàwó méjèèjì dì í lábíyá mú lọ́tùn-ún lósì.

"Ṣé o tà?" Ohun tó kọ́kọ́ bi í nìyẹn.

"Mo tà, Bàbá."

Sìrájù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, Fausiatou ti ń múra fún ti Bonoua, tó jìnnà ju Bassam lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Sìrájù ń ka àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà ọ̀hún fún Sẹ̀kínà, kó lè bá òun sọ fọ́mọ: ìyá tó ń yan ẹja lábẹ́ igi àgbọn, télọ̀ olójú kan, ọkùnrin tó máa ń ra oríṣi kan náà fún ìyàwó mẹ́ta, kí ilé má baà dàrú.

"Lẹ́yìn ìyẹn," ó ní, "ọ̀nà á yà sọ́tùn-ún. Ilé kan wà níbẹ̀, ilé..."

Ó dákẹ́. Sẹ̀kínà rò pé orúkọ onílé ló ń wá. Ó dúró dè é. Ó tún dúró dè é díẹ̀ sí i, kó tó rí i pé kò mí mọ́, tó sì ké pe ìyálé rẹ̀.