Ìdáhùn Kan Lábẹ́ Òkè Waidamu

Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè kejì ní Suva, olú-ìlú erékùṣù wa, bí a ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ìwádìí, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mo kọ́ wọn kò pọ̀. Má sọ ju ohun tí o rí lọ. Bí o bá rí ipa ẹsẹ̀, sọ pé ipa ẹsẹ̀ lo rí. Má sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ “yóò” sínú iṣẹ́ rẹ̀, bírò pupa ni mo fi ń fa ìlà sí i. “Ó ṣeé ṣe kí” ni mo ń kọ dípò rẹ̀.

Akanisi Tuvou ló gba ẹ̀kọ́ yìí jù.

Waidamu ni abúlé ìyá rẹ̀, lókè odò. Òkè tó wà lẹ́yìn abúlé náà ló ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ilẹ̀ ti sán lára òkè náà, Akanisi sì ri igi ìwọ̀n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán. Ní oṣù kẹfà, ìka ọwọ́ ló lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.

Nínú ìwé tó kọ́kọ́ mú wá, ó kọ ọ́ pé òkè náà yóò wó lu abúlé bí òjò bá pọ̀. Mo fa ìlà pupa sí i.

“Bàbá, ṣé irọ́ ni?”

“Mi ò pè é ní irọ́. Ṣé o rí i níbi tó ti wó?”

“Tí mo bá dúró rí i, ta ló máa wá kọ ìwé?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Lọ tún un kọ.”

Ó tún un kọ. Ó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kò sì sí ẹni tó rí ibi gbá a mú. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀dà ìwé náà. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn sí Akanisi lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kọkànlá, Ratu Isoa, olórí Waidamu, ránṣẹ́ pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, olórí máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí a bi á dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Olórí á dúpẹ́, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún un ṣí ń sọ fún olórí lójú àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kò gbọ́ràn dáadáa.

Ọjọ́ kẹta ni Akanisi wá sí ọ́fíìsì mi. Kò mu tíì tí mo gbé fún un.

“Wọ́n bi mí bóyá òkè náà máa wó.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó ká fi sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ní Gẹ̀ẹ́sì?”

“Ní èdè wa. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fi sọ ọ́, Bàbá.”

“Ratu ńkọ́?”

“Ó dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ti padà lọ ń gbin kókò sí ìdí òkè.”

Òjò ti ń rọ̀ láti àná. Mo bi í ohun tí igi ìwọ̀n ń sọ.

“Igi ìwọ̀n ti ṣubú sínú ibi tó sán.”

Mo wọ bàtà mi. A yà sí ọjà, mo ra gbòǹgbò yaqona tó ga tó ọmọdé, èyí tí a ń lọ̀ pò mọ́ omi mu. Òun la fi ń bẹ olórí. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Dayal.

Dayal wo gbòǹgbò náà. “Àgbà, ṣé ìyàwó lẹ ń lọ fẹ́ ni?”

“Ẹ̀bẹ̀ ni.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ yín mà tóbi o. Èyí tó láti fi bẹ àna méjì.”

Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń sọdá, omi ti bo afárá. Odò pupa, ó ń gbé igi lọ. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní àfonífojì náà. Lódìkejì, mo rí èéfín ilé ìdáná. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò. Òkè wà lẹ́yìn wọn.

Ajá mẹ́ta jókòó lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, omi ń kán lára wọn.

“Ajá àbúrò ìyá mi nìwọ̀nyẹn,” Akanisi sọ. “Wọn kì í kúrò nílé. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ sá síbí ni.”

A kì í pariwo ní Waidamu. Ọmọdé tó bá pariwo nítòsí ilé Ratu á jẹgba. Àgbà kì í dán an wò. Akanisi gbé gbòǹgbò fún mi, ó lọ sí etí omi, ó sì figbe ta.

“Ẹ jáde! Ó máa wó!”

Bọ́ọ̀lù dúró. Àwọn ènìyàn yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ratu Isoa fúnra rẹ̀ bọ́ síta pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wá sí etí odò. Olórí kì í gbóhùn sókè. Sakiasa, agbẹnusọ rẹ̀, ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọdá.

“Ratu ní ta ló ń pariwo?”

“Akanisi ni, ọmọ Torika.”

“Ratu ní ọ̀rọ̀ yìí ti parí.”

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo gbé gbòǹgbò náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe dáhùn. Ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀bẹ̀, kí ẹ tún bi í.”

N kò rí olórí kan rí tó gba yaqona tí ọwọ́ kò kàn. Ratu na ọwọ́ sí odò, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi gbà á.

“Ratu ń béèrè lẹ́ẹ̀kejì,” Sakiasa sọ. “Ṣé òkè yìí máa wó?”

Akanisi wò mí. Bírò pupa wà nínú àpò ẹ̀wù mi.

“Yóò wó.”

“Nígbà wo?”

“Kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Kò ní ẹ̀rí kankan fún ìyẹn. Mo mọ̀ pé kò ní. N kò fa ìlà sí i.

Wọ́n ká ẹní. Wọ́n gbé àwọn arúgbó. Wọ́n gòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè kejì, Torika, ìyá Akanisi, gbẹ̀yìn pẹ̀lú adìyẹ lábẹ́ apá. Ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí òjò dá. Ohun gbogbo pa rọ́rọ́.

“Àgbà,” Dayal sọ, “ó ṣì dúró o.”

“Mo rí i.”

Sakiasa ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, òun nìkan. Ó ké sí wa láti ojú ọ̀nà: “Ratu ní kí n wá mú eyín àbùùbùtán nílé òun. A ò ní gba ẹ̀bẹ̀ yín láìdá a lóhùn.”

Eyín yẹn ni a fi ń dá irú gbòǹgbò mi lóhùn. Ọ̀nà tó tọ́ ni.

“Padà,” Akanisi sọ. “Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Sakiasa juwọ́ sí i. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, bó ti yẹ, ó wọ ilé Ratu.

Gbogbo ẹyẹ orí òkè náà fò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n dúró ṣánṣán, gbogbo wọn pọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá sísàlẹ̀.

Akanisi tún figbe ta. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.