Ohun tí Bàbá Ayọ̀rìndé Kọ Sára Ògiri

Ẹni tó bá ń wá ilé rà ní agbègbè wa yìí, láti Osi títí dé Iloffa, tó wá ń wo ara ògiri bóyá òun á rí ibi tí wọ́n kọ "ilé títà" sí, yóò wò ó títí ojú yóò fi dùn ún. A kì í kọ ọ́. Kí ọ̀dà tó gbẹ ni gbogbo ìlú á ti gbọ́ pé ọmọ lágbájá ń ta ilé bàbá rẹ̀, wọ́n á sì máa wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó jí igbá ọrẹ. Òdìkejì rẹ̀ la máa ń kọ: ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Síbẹ̀, ilé ń di títà. Èmi ni kí wọ́n bi.

Jónà Fọláyan lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń pín ìwé owó ilé fún káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀kùn tí n kò kàn rí. Ní báyìí, mo máa ń bá àwọn ènìyàn wá ilé. N kò ní pátákó, n kò ní ọ́fíìsì. Koríko ni mo máa ń wò. Mo máa ń wo fèrèsé tó fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alàgbà ìjọ pé àwọn ọmọ ta ni kì í wálé mọ́ fún Ìkórè. Bí mo bá wá pe ọmọ onílé lórí fóònù, n kò jẹ́ bi í bóyá ó fẹ́ ta ilé, torí èébú ni. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Ta ló ń bá yín gbálẹ̀ ilé Bàbá báyìí?" Bó bá dárúkọ ẹnìkan wéré, mo kí i pé ó dàbọ̀. Bó bá mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni Tíṣà Susanna Adédọlápọ̀ wá bá mi. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Obbo-Aiyegunle. Láàárín ọdún méjìlélógún tó ti lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti kó ẹrù. Igi ọsàn tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ilé kẹta, onílé ló ń ká a jẹ. Èyí tó gbìn sí ilé karùn-ún, ìyàwó onílé ti gé e dáná. Onílé kẹfà náà ti wá sọ fún un pé kó jáde kí oṣù kẹjọ tó parí, torí ọmọ òun ń gbé ìyàwó bọ̀ wálé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi, "mo ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pàṣẹ fún mi pé kí n kó ẹrù mi. Ilé àtijọ́ kò burú, yàrá mẹ́ta kò kéré. Kó ṣáà ti jẹ́ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ mú bí abẹ. Ìwé àdéhùn kékeré tí mo kọ fún un, bírò pupa ló kọ́kọ́ fi tún un ṣe kó tó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta la fi rìn kiri. Ilé tí a rí ní Osi, ọmọ mọ́kànlá ló ni ín, àwọn mọ́kànlá ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí a rí ní Iloffa, ikán ti jẹ gbogbo àjà rẹ̀ tán. Oṣù keje ti fẹ́ parí, Tíṣà sì ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí láìmọ ibi tó ń gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan tí à ń ti oko ìwárí wa bọ̀, òjò ká wa mọ́ Isolo-Opin. Ọlọ́kadà tó gbé wa ní òun ò lè wa ọ̀kadà nínú ẹrọ̀fọ̀ lójú òjò, la bá sá sí ìloro ilé Bàbá Ayọ̀rìndé. Bàbá yìí ló máa ń ka Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà nígbà ayé rẹ̀. Ó ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé náà sì wà ní títì pa. Ilé tó dára ni: yàrá mẹ́rin, ìpìlẹ̀ olókùúta, páànù tí kò jò. Ọ̀dà dúdú ni bàbá fi kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú: A O TA ILE YI.

Tíṣà gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ilé títà wà níbí tí ẹ̀ ń mú mi rìn nínú ẹrọ̀fọ̀!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kà á dáadáa, Tíṣà. A ò ta ilé yìí."

"Ta ló sọ fún yín pé ò ni? Ṣé ẹ rí àmì lórí O yẹn? Ó lè jẹ́ a ó ta ilé yìí."

Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń ka ògiri kí òun tó gba ìwé ẹ̀rí! Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilé á kọ nọ́ńbà fóònù sábẹ́ rẹ̀. Ó ní bóyá bàbá ò ní fóònù. Mo ní gbogbo Isolo-Opin ló mọ̀ pé a ò tà á ni. Ó ní gbogbo kíláàsì òun náà ló máa ń kùnà ìdánwò pọ̀. Ọlọ́kadà ń rẹ́rìn-ín wa.

Kí n lè pa á lẹ́nu mọ́ ni mo fi pe Adémọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, tó wà ní Àbújá. Mo bi í pé ta ló ń bá a gbálẹ̀ ilé. Adémọ́lá mí kanlẹ̀.

"Bàbá Fọláyan, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bó bá ṣe tèmi nìkan ni, ǹ bá ti tà á. Ta ló fẹ́ padà wá gbé níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi ló kọ ohun tó wà lára ògiri yẹn. Kò sọ fún mi nígbà tó wà láyé, ìgbà tí mo wálé wá sin ín ni mo rí i. Ohun tí Bàbá bá kọ ni màá ṣe, ilé ìbáà wó."

"Ǹjẹ́ ẹ bi Màmá?"

"Háà! Ṣé a máa ń bi opó léèrè ilé títà ni? Wọ́n á ní mo fẹ́ lé ìyá mi síta."

Odo-Owa, níbi tí wọ́n ti bí i, ni Màmá Leah ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú tán. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ní òun ń lọ bá a. Mo ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń lọ náà. Mo tẹ̀ lé e, mo ń kùn bí oyin.

Orí ẹní la bá Màmá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wú síwájú, ó ń ṣa ẹ̀wà. A kí i títí. Èmi ń ronú bí màá ṣe gba ẹ̀yìn wọ inú ọ̀rọ̀, àfi bí Tíṣà ṣe kúnlẹ̀ tó là á mọ́lẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá kọ sára ògiri ilé yín?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Màmá ò tilẹ̀ bínú. "Mé è mọ̀wé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di agolo ọ̀dà mú fún un. Bó ti ń kọ ọ́ ló ń pè é jáde." Ó gbé ohùn sókè bíi ti ẹni tó ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ: "A ó ta ulé yí."

Tíṣà ò wo ojú mi. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó sọ fún un pé òun lòun fẹ́ rà á. Mo pe Adémọ́lá, mo gbé fóònù sí Màmá lẹ́nu. Ó wí i. Adémọ́lá ní, "Màmá, ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ. Adémọ́lá ní, "Bí Bàbá bá ti wí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, a ó jọ sọ̀rọ̀ owó." Tíṣà bú sẹ́kún, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí ó ku ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n kí onílé rẹ̀ lé e.

Nígbà tí ara rọ̀ wá ni mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò fi sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rò pé ayé kọ ulé náà ni. Ẹsẹ̀ mi ló mú un fẹ́ tà á, kí a lè wá kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi yìí. Bó bá ti oko dé, á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù tó mọ́, á lọ jókòó sí ìloro, ó ń dúró de ẹni tó máa wá béèrè. Oṣù mẹ́jọ. Wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá. Ó ń bi mí pé, 'Leah, ṣé ulé wa burú ni?' Ọjọ́ kan ni ọkùnrin káńsù kan mú ìwé wá. Ó wo ara ògiri, ó ní, 'Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n! Ẹ má tà á o!' Ọkọ mi wọlé, kò jẹun. Ó ní bí ará káńsù bá lè sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti mọ ohun kan nípa ulé náà tí àwa ò mọ̀. Kò jáde jókòó mọ́ títí ó fi kú."

Mo rántí ẹ̀wù funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé bàbá náà dìde dúró nígbà tó rí mi, inú mi sì dùn pé ó bọ̀wọ̀ fún káńsù.

"Màmá," mo ní, "èmi ni ọkùnrin náà."

Ó wò mí. Ó wo Tíṣà, ó tún wò mí.

"Ìwọ tó ń bá ènìyàn wá ulé?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ gan-an ni ìbá bá a wá ẹni tó máa rà á."

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò sì bú mi. Ó fa àwo ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra, ó ń bá ṣíṣà rẹ̀ lọ.